Bí A Ṣe Lọ Wá Pẹ́kẹ́ńdò Nínú Igbó Àìpè

Òjò ló kó yín wá sábẹ́ àtíbàbà mi, kì í ṣe ìfẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, n kò sì ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti jókòó sórí àpótí mi, tí ẹ sì ń jẹ ẹ̀pà mi, ìtàn mi ni ẹ máa gbọ́. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí, ọdẹ tí ẹtu fi ń kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi o. Ọkùnrin kan ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún tí kẹ̀kẹ́ ológeere kọ́kọ́ wọ ìlú yìí. Ó ti kú, wọ́n ti sin ín, wọ́n ti ṣe òkú rẹ̀ tán, èmi kò tíì bá a rẹ́.

Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ohun tí wọ́n ṣu sí mi lọ́nà nígbà tí mo wà lọ́mọdé ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ.

Nílé bàbá wa, inú àwo kan ṣoṣo ni gbogbo àwa ọmọ ti ń jẹun. Ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí. Ẹ̀bà á máa tán lọ, ọwọ́ á máa sáré, ṣùgbọ́n tó bá ti ku òkèlè kan, gbogbo ọwọ́ á dúró. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n pe òun ní wọ̀bìà. Òkèlè yẹn á wá jókòó sáàárín àwo bí ìyàwó tí ọkọ kò tíì wá mú, gbogbo ojú á máa wò ó, gbogbo ẹnu á sì máa sọ pé àwọn ti yó. Lọ́jọ́ kan, mo fi ìka ta etí àwo, mo tẹjú mọ́ òkèlè náà, mo ní, “Pẹ́kẹ́ńdò.” Èmi fúnra mi kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ẹnu mi ni mo ti bá a. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dojú bolẹ̀. Kí wọ́n tó gbé ojú sókè, òkèlè ti wà nínú ikùn mi.

Bí Pẹ́kẹ́ńdò ṣe di ọmọ ilé wa nìyẹn. Òkèlè ìkẹyìn, Pẹ́kẹ́ńdò. Ìjókòó tó ṣẹ́kù tí gbogbo èèyàn ń wò tí ojú sì ń ti wọ́n láti jókòó lé, Pẹ́kẹ́ńdò. Bàbá wa gbọ́ ọ lẹ́nu wa, inú rẹ̀ dùn. Ó pè wá jọ, ó bi wá pé ta ló dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Mo la ẹnu. Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú inú wo ẹnu mi bó ṣe là sílẹ̀ níbẹ̀. Kí ohùn tó jáde, ẹ̀gbọ́n mi Àkàngbé ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní òun ni.

Bàbá wa ní ọmọ tó lè fún ohun tí kò lórúkọ ní orúkọ, orí ìwé ló ní. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, òkèlè ìkẹyìn nínú àwo yòówù nínú ilé yẹn, ti Àkàngbé ni. Ó tún ní nígbà tó jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo ni agbára òun ká láti rán dé òkè ìwé, Àkàngbé ni yóò lọ, èmi yóò máa gbé àpò ọdẹ tẹ̀ lé òun. Mo sọ òótọ́. Mo sunkún, mo yí nílẹ̀, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá wa ní ìlara ni. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá èyí tó sọnù.

Lójú ẹsẹ̀ ni mo búra pé n kò ní sọ òótọ́ yẹn mọ́ láyé, àyàfi bí ẹni tó jí ọ̀rọ̀ náà bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé wàláà mi lọ bá tíṣà, mo ní mo ti kàwé tán. Ó ní ìwé kejì ni mo ṣì wà. Mo ní ó tó. Kò sẹ́ni tó lè lé mi jáde níbi tí mo ti jáde fúnra mi.

Ọdún gorí ọdún. Àkàngbé di akọ̀wé kọ́ọ̀tù, ó ń wo ayé láti inú jígí ojú. Èmi di ẹni tí ẹ̀ ń wò yìí. Mo ti pa ẹfọ̀n tó ka ara rẹ̀ sí ọba. Mo ti bá iwin olórí mẹ́ta jà, mo fún orí kan ní ẹ̀ṣẹ́ nígbà tí méjì yòókù ṣì ń jiyàn lórí ohun tí wọ́n máa fi mí ṣe. Síbẹ̀, bí mo bá ti gbé ẹran wálé, tí a jẹun tán, ẹ̀gbọ́n mi náà ni yóò na ọwọ́ sí òkèlè ìkẹyìn, yóò pè é ní orúkọ tí mo sọ ọ́, yóò sì gbé e mì níṣojú mi. Kódà ìyá tó bí àwa méjèèjì, Ìyá Àkàngbé ni gbogbo ìlú ń pè é.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà, kí ẹ má bàa ní mo fi nǹkan pamọ́. Nígbà tí ìyá wa darúgbó, oúnjẹ kò wù ú mọ́. Yóò kàn máa wo àwo ni. Ẹ̀gbọ́n mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òkèlè tirẹ̀ fún un. Yóò gbé e sókè, yóò ní, “Pẹ́kẹ́ńdò,” ìyá wa á bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdébìnrin, ẹnu á là, òkèlè á wọlé, òun ni yóò sì ṣí ọ̀nà fún oúnjẹ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń bọ́ ọ. Kò sí òmíràn.

Ibi tí ọ̀ràn dé dúró nìyẹn nígbà tí ọmọ Àkàngbé gbé ìyàwó wálé. Àwẹ̀ró ni orúkọ ọmọbìnrin náà, ilé tí wọ́n ti kọ́ ọ níwà dáadáa ló ti wá, ìwà yẹn gan-an ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ẹni tó bá bá nínú ilé, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ọkọ rẹ̀ ni, ó sì gbọ́dọ̀ wá orúkọ àpọ́nlé fún un. Ọ̀rẹ́-Igbó ni wọ́n ń pe èmi. Jígí-Ńlá ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Àwẹ̀ró jẹun nílé wa fún ìgbà àkọ́kọ́, ó gbọ́ tí gbogbo ilé ń pariwo Pẹ́kẹ́ńdò, Pẹ́kẹ́ńdò, tí ìyá àgbà sì ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọmọ ilé kan ni. Ó lè jẹ́ àgbà kan tó ti kú, tí wọ́n máa ń pè síbi oúnjẹ. Ìyàwó tuntun kì í bi ni léèrè ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, bí ó ṣe ku òkèlè kan nínú àwo, Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, “Ẹ kúulé o, ọkọ mi Agbélẹ̀-àwo.”

Ìwọ tó wọ bùbá aláwọ̀ ewé yẹn, má rẹ́rìn-ín. Bí ó ṣe dùn mọ́ gbogbo ilé wa náà nìyẹn. Àwọn ìyàwó yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀, pé ojú ti àwọn tí àwọn ti ń pe ọkọ àwọn lórúkọ látọjọ́ yìí. Àwọn ọmọ gbà á lẹ́nu ìyá wọn. Kò pẹ́ tí gbogbo agbo ilé fi ń kúnlẹ̀ kí òkèlè, tí kò sì sẹ́ni tó pe orúkọ tí a bí i mọ́. Ìyá wa gbọ́ Agbélẹ̀-àwo, kò rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ pa dé bí ilẹ̀kùn ilé onígbèsè. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá fẹ́ pe orúkọ àtijọ́, kò bá a lẹ́nu. Ó wá a lábẹ́ ahọ́n, kò sí. Gbogbo ilé wá a, kò sí. Mo ti oko ọdẹ dé, wọ́n bi mí. Mo ní, ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi, mo la ẹnu, afẹ́fẹ́ ló jáde.

Ìyá wa ń gbẹ lójú wa. Ọrùn rẹ̀ ti dà bí ọrùn ìgò. Èmi ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí pé kò sí igbó tí n kò dé. Ọ̀rọ̀ tí ìdílé bá dá sílẹ̀, bí wọn kò bá pè é mọ́, yóò dìde, yóò gba Igbó Àìpè lọ, sí Ìlú Ọ̀rọ̀-Ilé. Ẹni tó dá a sílẹ̀ nìkan ló lè mú un bọ̀. Mo sọ èyí níwájú gbogbo ilé, mo sì wo ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ilé wo ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi wo jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó nù ún, ó ní kí wọ́n bá òun wá bàtà òun.

Mo ní mo máa sin ín dé ibẹ̀. Wọ́n yìn mí pé mo ṣe ọmọ ìyá. N kò jiyàn.

Igbó Àìpè kò jìnnà, kò sì súnmọ́. Ẹni tó bá gbàgbé nǹkan kan lójú ọ̀nà ló máa ń já síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbàgbé oúnjẹ tí wọ́n dì fún wa, a sì dé. Lẹ́nu igbó náà la ti bá iwin kan tí ikùn rẹ̀ dí ọ̀nà láti apá ọ̀tún dé apá òsì. Ìkùnsínú ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ẹni tó ti ṣẹ̀ ẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ló wà nínú ikùn yẹn, kò tíì dárí ji ẹnì kan. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ fi ìkùnsínú hàn án tó ju tòun lọ. Àkàngbé bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ ní èdè kọ́ọ̀tù. Mo fà á sẹ́yìn. Mo ní, ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó, iṣẹ́ mi ló dé yìí.

Iwin náà ní igi kan wà nítòsí tó já èso lé òun lórí nígbà tí òun wà ní jòjòló, láti ìgbà náà òun kì í kí igi yẹn. Mo ní ẹni tó ń kí igi tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní adìẹ kan ta erùpẹ̀ sínú ọbẹ̀ mi rí, wọ́n pa á, mo jẹ nínú rẹ̀, síbẹ̀ títí di òní, bí mo bá ń da àgbàdo fún ìran rẹ̀, ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ sí wọn. Iwin náà mí kanlẹ̀. Ó ní òun kò lọ síbi ìsìnkú ìyá òun, nítorí pé iṣu kékeré ló fún òun lọ́jọ́ ọdún iṣu kan. Mo ní ìyẹn dára, ó dára gan-an. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan sín nígbà tí mo fẹ́ yìnbọn sí ìgalà. Ó bẹ̀ mí, ó dọ̀bálẹ̀, ó mú ewúrẹ́ wá fi tù mí. Mo gba ewúrẹ́ náà, mo jẹ ẹ́ tán, mo sì ń bá ìbínú mi lọ.

Omi bọ́ lójú iwin. Ó fa ikùn rẹ̀ mọ́ra kí a lè kọjá, ó bi mí pé ta ló kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí. Mo nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní olùkọ́ mi nìyẹn. Iwin náà wò ó tìyanutìyanu, ó bi í pé kí ló ṣe. Àkàngbé ní òun kò ṣe nǹkan kan. Iwin mi orí, ó ní, “Ohun tí o kò ṣe yìí tóbi o.”

A dé ẹnubodè Ìlú Ọ̀rọ̀-Ilé. Ìyá arúgbó kan ló ń ṣọ́ ọ, apá rẹ̀ gùn dé ilẹ̀, nítorí pé òun ni agbẹ̀bí, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ jáde kúrò ní ọ̀nà ọ̀fun àwọn èèyàn. Ó mọ ilé wa. Ó mọ ohun tí a bá wá. Ó bi wá pé ta ló ni ín. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé ní ìlú òun, ẹni tó bá sọ pé òun ni òun dá ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ sílẹ̀, yóò fi ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ san án. Àkàngbé gbé àgbọ̀n sókè, ó ní òun ni. Agbẹ̀bí na ọwọ́ gígùn rẹ̀, ó já nǹkan kékeré kan kúrò ní ètè rẹ̀ bí ẹni já ewé, ó fi sí abẹ́ ìjókòó rẹ̀, ó ní ká máa wọlé, ó sì dìde bá wa lọ.

A kò tíì rìn jìnnà tí òùngbẹ fi gbẹ ẹ̀gbọ́n mi. Ó yíjú sí mi, ó ní kí n fún òun ní… ó dúró. Ó ní kí n fún òun ní nǹkan yẹn. Mo ní nǹkan wo? Ó ní nǹkan tí ẹja ń gbé inú rẹ̀. Mo ní ìkòkò ọbẹ̀? Ó ní rárá, nǹkan tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run. Mo ní mànàmáná ni àbí kí ni, ẹ̀gbọ́n, ẹ là á mọ́lẹ̀, akọ̀wé ni yín. Mo gbé akèrègbè omi mi sókè, mo mu ún kó-kó-kó níwájú rẹ̀, mo ní omi mà dùn o. Bí mo ṣe pe orúkọ náà, bí afẹ́fẹ́ ló ṣe kọjá létí rẹ̀. Mo padà fún un mu. Ọmọ ìyá mi ni. Ṣùgbọ́n mo mu èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ nípa ìlú yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ilé tiyín nìkan ló ní ọ̀rọ̀ tí ará ìta kò gbọ́, ẹ ò tíì rìn. Igba ilé, igba ọ̀rọ̀, gbogbo wọn ń rìn kiri bí èèyàn. Ọ̀kan tó ń jẹ́ Rọ̀gbọ̀ńdọ́ pàdé wa. Ìdílé kan ló fi ń pe àlejò tó ti sọ pé ó dàbọ̀ tó sì tún jókòó. Ó kí wa, ó ní ó dàbọ̀, ó sì tẹ̀ lé wa kiri gbogbo ìlú. A rí Fìkẹ̀kẹ̀, igbe tí bàbá àgbà kan máa ń ké bó bá ń dìde lórí àga. Bí Fìkẹ̀kẹ̀ bá fẹ́ dìde, gbogbo àdúgbò ló máa ń mọ̀. A sì rí ọ̀kan tó dá jókòó, tó fi aṣọ dúdú bora, Jàkúlẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ejò ló pa ọmọ kan nínú ilé kan, ìyá ọmọ náà kò lè gbọ́ orúkọ ejò mọ́, ni wọ́n bá dá Jàkúlẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè máa kìlọ̀ fún àwọn ọmọ tó kù. Èmi tí n kì í bọ́ fìlà fún ẹnikẹ́ni, mo bọ́ fìlà fún un.

Agbẹ̀bí tó ń mú wa lọ ní ẹ̀rù ló bí òmíràn nínú wọn, ìbànújẹ́ bí òmíràn. Ó ní tiwa, ebi ló lóyún rẹ̀, ìtìjú ló rọbí rẹ̀, ẹ̀rín ló wò ó dàgbà. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe ń sọ ọ́.

Níwájú ààfin kékeré kan níbi tí ọ̀rọ̀ tiwa ti joyè, ajá méjì tó ń sọ̀rọ̀ dá wa dúró. Wọ́n ní ta ló ni ìjòyè tí a fẹ́ rí? Mo fi ẹsẹ̀ kan ẹ̀gbọ́n mi lẹ́sẹ̀. Ó ní òun ló ni ín. Ọwọ́ gígùn nà láti ẹ̀yìn wa, ó tún já nǹkan kúrò ní ètè rẹ̀. Kò mọ ohun tó lọ, títí àwọn ajá náà fi bú mọ́ ọn, tó sáré, tí ẹ̀gún sì fa okùn ìdí rẹ̀ já. Ó ń pariwo pé, “Ọdẹ́jìnmí, bá mi mú nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ méjì mi, ó ń bọ́.” Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀. Mo ní mo rò pé a kò mú adìẹ wá. Ó ní kì í ṣe adìẹ, èyí tí mò ń ti ẹsẹ̀ bọ̀, ó ti dé orókún. Mo ní àbí bàtà ni? Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá ti jẹ òkèlè mi láti kékeré, tí mo wá rí i tó di ìdí mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, tí kò lè pe ṣòkòtò ní ṣòkòtò, ṣé ẹ ní kí n má gbádùn rẹ̀ díẹ̀ ni?

Pẹ́kẹ́ńdò jókòó sórí ìtẹ́. Kúkúrú ni, ó rí róbótó, ara rẹ̀ ń dán bí òkèlè tí epo ta sí. Ó dé fìlà pupa, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó ní ta ló gbójú-gbóyà láti wá òun wá, ṣé a kò mọ̀ pé òun ti di àgbà, pé àwọn ìyàwó ilé ń kúnlẹ̀ kí òun, wọn kò sì jẹ́ pe òun lórúkọ. Ó ní òun kò tún padà sí ìsàlẹ̀ àwo mọ́ láyé. Mo jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Mo wá ní, ìyá wa kò jẹun mọ́.

Ó gbé ọwọ́ sókè, àwọn tó ń fẹ́ ẹ dúró. Ó ní ìyá àgbà tó máa ń rẹ́rìn-ín yẹn? Mo ní òun. Mo ní kò tíì rẹ́rìn-ín látìgbà tí ìjòyè ti kúrò nílé, ẹnu rẹ̀ ti pa dé, kò sì ní pẹ́ lọ. Pẹ́kẹ́ńdò bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Ó wá ní ẹ̀rín yẹn ni òun máa ń jẹ, kò sì sí irú rẹ̀ ní gbogbo ìlú yìí. Ó ní òun máa bọ̀. Ṣùgbọ́n kí bàbá òun pe òun, kí ó sì sọ bí òun ṣe wáyé.

Àkàngbé tẹ̀ síwájú, ọwọ́ kan ní ìdí. Ó ní ọjọ́ náà, ẹran kan ló kù nínú àwo.

“Ẹran?” ni Pẹ́kẹ́ńdò wí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yí bọ́ lórí ìtẹ́.

Agbẹ̀bí wá dúró síwájú ẹ̀gbọ́n mi. Ohùn rẹ̀ kò le. Ó ní òun ti mú èyí tí kò dùn ún jù, òun ti mú omi, òun ti mú ṣòkòtò. Bó bá tún pa irọ́ yìí, “ìyá” ni òun máa mú. Ó ní kó rò ó. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Ìwọ ńkọ́? O ò ní nǹkan kan láti sọ?”

Mo ní, “Mo ti sọ ọ́ rí.”

Ó ní kí n tún un sọ. Mo kọ̀. Mo ti búra, ọkùnrin sì ni mí. Ẹ má bojú wò mí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti gba ọ̀rọ̀ yín lẹ́nu yín rí, tí wọ́n ní ìlara ni, ẹ óò mọ ohun tó jẹ́ kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo fà mọ́ ẹ̀gbọ́n mi létí, mo ní, ẹ̀gbọ́n, ó tó, ẹ jẹ́ ká mú un lọ sílé, ẹ kàn sọ ọ́. Ó ní, “Àwọn ọmọ mi ńkọ́? Gbogbo wọn ló mọ̀ pé èmi ni. Ìwé tí mo kà, orí rẹ̀ ni mo fi lé. Bí mo bá yọ ọ́, kí ló kù mí kù?” Ó yíjú sí agbẹ̀bí, ó pa ojú dé. Ó ní òun ni.

Agbẹ̀bí já a. Èyí kò já bí ewé. Ó já bí gbòǹgbò, Àkàngbé sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Pẹ́kẹ́ńdò ní nítorí ìyá àgbà, òun máa tẹ̀ lé wa dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n òun kò ní wọ ẹnu ẹnikẹ́ni nínú ilé wa, títí ẹni tó jí òun fi máa dárúkọ bàbá òun létí àwo. A gbéra. Jálẹ̀ ọ̀nà, èmi ni mo ń bá a di okùn ìdí. Rọ̀gbọ̀ńdọ́ sìn wá dé ẹnubodè, ó ní ó dàbọ̀, mo ju òkò sí i kó tó padà.

A wọlé nígbà tí wọ́n ń jẹun ọ̀sán. Wọ́n ti gbé ìyá wa jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ-ọmọ méjì fi ara gbé e ró. Àwo wà níwájú rẹ̀, òkèlè kan ló kù nínú rẹ̀, gbogbo ilé yí i ká, Àwẹ̀ró ń sunkún nídìí ògiri nítorí pé wọ́n ti sọ ohun tó ṣe fún un. Pẹ́kẹ́ńdò jókòó sí ìloro, àwa méjì nìkan la rí i.

Àkàngbé dọ̀bálẹ̀ kí ìyá wa. Ó ní, “Ẹ kú…” Ó dúró. Ó ní, “Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin…” Gbogbo ilé ń wò ó. Òógùn bo jígí ojú rẹ̀. Mo rí i tó ń wá ọ̀rọ̀ náà bí a ṣe ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, tó ń dà á sókè, tó ń dà á sódò. Ìyá wa tí kò sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí rọra gbé ojú sókè, ohùn rẹ̀ kò ju ti eṣinṣin lọ.

“Àkàngbé, kí lo fẹ́ pè mí?”

Ó wá ọ̀rọ̀ tó súnmọ́ ọn jù lọ. Ó ní, “Ìyàwó bàbá mi.”

Ẹ̀yin mọ ẹni tí à ń pè bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó bí ni. Àwọn ìyàwó ilé ká ọwọ́ lérí. Ìyá wa wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì yí ojú sí ògiri. Kò bínú. Ó kàn yí ojú bí ẹni tí àlejò ṣì wọlé tọ̀.

Kí n sọ òótọ́ fún yín, n kò gbádùn ìyẹn. Mo ti ń retí ọjọ́ tí ojú máa ti ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rò ó lóko, mo ti rò ó lórí ẹ̀gùn tí mo ti ń ṣọ́ ẹran, kì í ṣe bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó dìde, kó jẹ́ kó lọ. Ẹnu mi ti là.

Ó ṣáájú mi sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó bọ́ jígí ojú, ó gbé e sílẹ̀. Ó fi ikùn wọ́ dé ibi àwo, ó fi ìka kan ta etí rẹ̀, bí ẹnì kan ṣe ta á nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ó sì sọ ọ́ sókè, níwájú ìyàwó rẹ̀, níwájú àwọn ọmọ rẹ̀, níwájú àwọn aládùúgbò tó ń yọjú lórí ògiri:

“Ẹ gbọ́, gbogbo yín. Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Ọdẹ́jìnmí ni. Òkèlè ẹ̀bà ló kù, kì í ṣe ẹran, ó ta etí àwo báyìí, ó pè é, àwa yòókù rẹ́rìn-ín. Mo gbà á lẹ́nu rẹ̀ níwájú Bàbá. Ó sunkún, wọ́n ní ìlara ni, mo wà níbẹ̀, n kò sọ̀rọ̀. Ìwé tí mo kà, tirẹ̀ ni. Gbogbo òkèlè tí mo jẹ, tirẹ̀ ni.” Ní ìloro, Pẹ́kẹ́ńdò dìde dúró. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí èjìká ìyá wa tó kọ ẹ̀yìn sí i, nǹkan kan sì já gbà nínú ọ̀fun rẹ̀. “Ìyá. Ìyá mi, mo jalè.”